Ajá Quadri Gba Abẹ́rẹ́

Inspẹ́kítọ̀ Ṣìkẹ́mi Fáṣùyì kò tíì jókòó tó fi gbé ọ̀rá kékeré kan lé orí tábìlì Albert Ògúnṣànwó. Okùn aláwọ̀ ewé kan wà nínú ọ̀rá náà. Ẹrẹ̀ àti itọ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ti le gbagidi.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ okùn yìí?"

Albert kò na ọwọ́ sí i. "Okùn ọrùn ajá Quadri ni. Ìgbà mélòó lẹ máa fi hàn mí?"

"Ti ajá Quadri wà ní àgọ́ wa. Ijagun ni wọ́n ti mú èyí wá láàárọ̀ yìí. Ajá kan ya dìgbòlugi níbẹ̀ lánàá. Ó ń da itọ́, ó ń gé igi jẹ, àwọn ará àdúgbò sì lù ú pa. Ajá Tíṣà George ni."

Albert gbé ojú sókè. Kò sí ẹni tí kò mọ Tíṣà George nínú ìjọ wọn. Bí Tíṣà George bá ní ilẹ̀ ti mọ́, ènìyàn lè pa fìtílà láìwo ojú ọ̀run.

"Òun fúnra rẹ̀ ló fa ajá náà lọ sí pápá ilé-ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ń gún ajá àti ológbò lábẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ọjọ́ kan náà tí Quadri ní òun fa tòun lọ. Wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn lójú gbogbo ayé, àmì pé ó ti gbà á. Bàbá, ajá tó gba abẹ́rẹ́ ló ya wèrè. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ?"

Albert gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò fẹ́ gbọ́ ni.

Láti ìgbà tí Mọ́ṣádé ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìbínú ni ọ̀pá tí Albert fi ń rìn. Bí wọ́n bá gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ṣubú sí. Mọ́ṣádé ló máa ń kó egungun ẹja tó bá ṣẹ́kù nínú ìkọ́kọrẹ́ fún ajá Quadri lẹ́yìn ilé. Tanímọ̀la ni Quadri sọ ajá náà, Mọ́ṣádé a sì máa pè é bí ẹni pe ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ajá yìí ṣàdédé já mọ́ ọn lọ́wọ́. Quadri sáré jáde láti dè é, ó bu òun náà jẹ lójúgun. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lù ú pa lójú ẹsẹ̀, wọ́n bọ́ okùn ọrùn rẹ̀ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì lọ dáná sun ún nínú igbó. Albert ní kí Mọ́ṣádé jẹ́ kí àwọn lọ sí ọsibítù. Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ ò rí okùn lọ́rùn rẹ̀ ni? Ajá yẹn ti gba abẹ́rẹ́."

Ó fi omi iyọ̀ fọ ọwọ́, ó fi àkísà dì í. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Mọ́ṣádé bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi. Albert gbé ife sí i lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ há, ojú rẹ̀ yí, ó gbá ife náà dànù. Àwọn dókítà ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní ó yẹ kó ti wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ajá bù ú jẹ gan-an.

Gbogbo àdúgbò dá Quadri lẹ́bi. Wọ́n ní kò mú ajá rẹ̀ lọ síbi kankan. Wọ́n ní télọ̀ sáà ni, òun ló gé okùn aláwọ̀ ewé nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, tó so ó mọ́ ajá lọ́rùn kí wọ́n má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì bá okùn aláwọ̀ ewé níbẹ̀ lóòótọ́. Dókítà Harold Ṣónẹ́yẹ, dókítà ẹranko tó ṣètò abẹ́rẹ́ náà, sọ fún ọlọ́pàá pé òun kò rí ajá Quadri lórí pápá. Ó tán. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé táyà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó gbé e sá mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì tì í mọ́lé.

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí i," ni Inspẹ́kítọ̀ wí.

"Kí ni mo fẹ́ rí lára rẹ̀?"

"Ẹ̀mí rẹ̀, Bàbá. Ó kù díẹ̀ kó bọ́."

*

Quadri jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó na ẹsẹ̀ tí ajá bù jẹ síwájú. Ojú egbò ti jinná. Ọmọ Ìwó ni, kò ní ìbátan kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bó ti rí Albert, ó fẹ́ dìde dọ̀bálẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ tó wà láàrin wọn, ó sì padà jókòó.

"Nọ́ọ̀sì tún wá láàárọ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Wọ́n ní o tún lé e."

"Mo lé e, Màdámú."

"Ajá tó bu Màmá jẹ ló bu ìwọ náà jẹ."

"Ajá mi gba abẹ́rẹ́."

"Quadri, ẹsẹ̀ ló ti bù ọ́, ó jìnnà sí orí. Ìyẹn ni àrùn náà ò ṣe tíì dé ọpọlọ. Bó bá dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ ò ràn án mọ́."

"Bí mo bá gba abẹ́rẹ́ yín lónìí, kí ni àwọn tó fẹ́ sun mí yóò wí? Wọ́n á ní, 'Ẹ ò rí i? Òun fúnra ẹ̀ mọ̀ pé ajá òun ò gba nǹkan kan.' Mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo ti pa Màmá nìyẹn." Ohùn rẹ̀ já. "Èmi ni mo fa Tanímọ̀la lọ sí pápá. Mo di ẹnu rẹ̀ mú títí wọ́n fi gún un. Ajá tó bá sì ti gba abẹ́rẹ́ kì í ní dìgbòlugi, ẹ̀yin ìjọba lẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú rédíò!"

Ó kọjú sí Albert.

"Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ ọ́ pé n ò parọ́, ọjọ́ náà ni n óò na apá fún wọn."

"O ó pẹ́ níbẹ̀," ni Albert wí.

Ó yí ẹ̀yìn padà. Ó ti pa eyín pọ̀ débi pé etí ń dùn ún. Nínú ọkọ̀, Inspẹ́kítọ̀ ju orógbó kan sẹ́nu, ó ń rún un díẹ̀díẹ̀ bí ìṣe rẹ̀ nígbà tó bá ń ronú. Ọmọ Èkìtì ni, kúkúrú báyìí, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ìyẹn gan-an ló ń bí Albert nínú. Ó fẹ́ kí ẹnìkan bá òun pariwo.

"Olóríkunkun ni," ni Inspẹ́kítọ̀ wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n òpùrọ́ kọ́. Òpùrọ́ ìbá ti gba abẹ́rẹ́ ní kọ̀rọ̀, kó sì máa ṣẹ́ lójú ayé. Ta ní ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ti irọ́ lẹ́yìn?"

Albert wo ojú títì.

*

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nígboro láti àárọ̀ tí ìròyìn Ijagun ti dé: wọ́n ní Micah, tó ń bá Dókítà Harold ṣiṣẹ́, ló kó ojúlówó abẹ́rẹ́ tà, tó fi omi lásán gún ajá àwọn ènìyàn. Òun ló sáà di sírínjì mú lọ́jọ́ náà. Bí Albert ti gbọ́ èyí, ìbínú rẹ̀ rí ibòmíràn jókòó sí. Òun ló kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn Micah.

"Omi lo fi gún wọn?"

"Ẹ káàárọ̀ ná, Bàbá."

"Mo ní, ṣé omi ni?"

"Omi kẹ̀!" Micah bọ́ síta, ó ń so okùn ṣòkòtò rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọn ò lè di ajá ara wọn mú lọ́jọ́ yẹn, tó jẹ́ èmi ni gbogbo ajá ìlú ń tọ̀ sí lára, tí n kò tiẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ ti ta? Ẹ wò ó, ológbò mi nìyẹn lójú fèrèsé. Nínú ìgò kan náà ni mo ti gún òun náà."

Ológbò dúdú kan nà gbalaja lójú oòrùn, okùn aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀.

"Okùn lásán," ni Albert wí. "Ẹnikẹ́ni lè so okùn."

"Ó dáa, ẹ lọ fa abẹ́rẹ́ yọ lára rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó."

Inspẹ́kítọ̀ tì wọ́n ya pẹ̀lẹ́. "Micah, ajá Tíṣà George ti ya dìgbòlugi ní Ijagun. Ṣé o gbọ́? Ìwọ lo gún un."

Micah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lójú. Ó wo ológbò. Ó wo inú ilé.

"Ayọ̀fẹ́!" Ó figbe ta. "Ìyá Ayọ̀fẹ́! Ológbò yìí bu ọmọ yìí ní ìka jẹ lọ́jọ́sí! Gbé e wá! Gbé e wá ká máa lọ sí ọsibítù!"

Ó sáré wọlé, ó gbé ọmọ náà jáde lábíyá láìwọ bàtà, ọmọ ń ké, ìyá ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ dúró sójú ọ̀nà.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ta ló gbé abẹ́rẹ́ wá sí pápá?"

"Dókítà fúnra wọn! Nínú kúlà, láti ilé wọn! Yìnyín kún inú rẹ̀, ìgò tutù bí omi òjò! Màdámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà!"

Inspẹ́kítọ̀ kúrò lọ́nà. Ó ní kí ọkọ̀ ọlọ́pàá kejì gbé wọn. Ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé òfìfo náà, ó ń wo ológbò, ológbò ń wò ó.

"Ó lè jẹ́ ẹ̀tàn," ni Albert wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Bàbá, ẹni tó mọ̀ pé omi lòun fi gún ológbò tó ń bá ọmọ òun ṣeré kò ní dúró di òní kó tó bẹ̀rù. Òní ni ẹ̀rù ba Micah, nítorí náà kò mọ̀. Ẹni tí à ń wá ni ẹni tí ẹ̀rù ti bà tipẹ́, kí ajá kankan tó ya wèrè." Ó tu èèpo orógbó dànù. "Ẹni tó ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò."

"Ṣùgbọ́n Micah ní ìgò tutù."

"Bí ẹran bá ti rà, tí ẹ wá gbé e padà sínú yìnyín, kò ní tutù ni? Ṣé ìyẹn ní kó dára padà? Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún mi: bí ooru bá pa abẹ́rẹ́ yìí, ó ti kú nìyẹn. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n." Ó yíjú kúrò lára ológbò. "Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n gún àwọn ajá, àbí? Bàbá, lásìkò Iléyá yẹn, níbo lẹ kó ẹran tí wọ́n fún yín sí?"

Inú bí Albert. "Kí ló kan ẹran nínú ikú ìyàwó mi?"

"Ẹ sáà dá mi lóhùn."

"Iná ò sí ní gbogbo àdúgbò. Mọ́ṣádé gbé e lọ sí ilé tí iná wọn kì í kú. Sólà ni wọ́n ń lò. Gbogbo wa la máa ń kó o lọ síbẹ̀, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí."

"Ilé ta ni?"

Albert ti la ẹnu kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ilé Dókítà Harold."

Inspẹ́kítọ̀ kò rún orógbó mọ́. "Ta ló fún yín ní ẹran náà?"

Albert fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Quadri. Odidi itan àgbò kan."

*

"Ẹni tí ẹ̀rù bà, tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀, ìlú mìíràn ni yóò ti lọ tún ajá rẹ̀ gún," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Wọ́n kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹranko ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n bọ̀ lófo. Ní Odogbolu, wọ́n bá dókítà ẹranko kan tó ń jẹ́ Ayọ̀tọ̀míwá, ó ká ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan mọ́ abẹ́ apá, ó ń fọ egbò etí rẹ̀.

"Lẹ́yìn Iléyá? Ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé," ó ní. "Obìnrin kan ló gbé e wá nínú jíìpù, ó ní àlejò láti Èkó lòun. Ajá pupa, ó tóbi bí ọmọ màlúù. Irú okùn tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ajá náà ò tíì gbà á tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá, okùn ẹ̀ṣọ́ ni. Áà, ajá yẹn jà! Bí a ṣe ń dì í mú níwájú ló ń já wa gbà lẹ́yìn. Ẹ wo ibi tó ti ya ẹ̀wù mi."

"Bí ẹ bá tún rí i, ṣé ẹ máa mọ̀ ọ́n?"

Ayọ̀tọ̀míwá rẹ́rìn-ín. "Ajá pupa pọ̀ nílẹ̀ yìí. Bóyá ni n óò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun á mọ̀ mí."

Inspẹ́kítọ̀ wò ó bí ẹni tó rí ohun tó sọnù he.

"Ẹ má bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ yẹn," ó ní. "Ẹ bá wa kálọ."

*

Inúmidùn, ìyàwó Dókítà Harold, ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ fún Albert. "Bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Olúwa á máa tù yín nínú." Ó gbé omi tútù wá fún wọn. Albert wo ife náà, ó sì gbé ojú kúrò. Láti ọjọ́ tí Mọ́ṣádé ti gbá ife dànù, kò lè mu omi lójú ènìyàn mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ ti fi Ayọ̀tọ̀míwá sílẹ̀ nínú ọkọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò ní ìta.

Ajá pupa ńlá kan wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, okùn aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀. Ó gbóòórùn Inspẹ́kítọ̀, ó lá bàtà Albert, ó ń ju ìrù gbá àga kiri.

"Èyí ò tiẹ̀ gbó wa," ni Inspẹ́kítọ̀ wí.

"Prínsì? Olè lè gbé e rù lọ, á máa lá a létí ni! Ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni."

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń gba àdúgbò yìí là ní Iléyá. Ọ̀rọ̀ ẹran."

Inúmidùn pàtẹ́wọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Lọ́dún yìí, fírísà kún àkúnya. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú fìríìjì, orí, ẹsẹ̀, itan, títí ilẹ̀kùn ò fẹ́ tì mọ́. Àní mo kó àwọn páálí kéékèèké tí Dókítà tò síbẹ̀ jáde, mo gbé wọn sórí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn. Àfi lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rí i! Wọ́n mà bínú sí mi o. Wọn ò jẹun, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń kó wọn padà sínú…"

"Inúmidùn!"

Harold Ṣónẹ́yẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ga, tó dúdú, tí aṣọ kì í hunjọ lára rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Inspẹ́kítọ̀, ó sì fi ẹ̀rín sójú.

"Inspẹ́kítọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ẹran àgbò ni wọ́n gbé yín wá láti Èkìtì wá wádìí?"

"Nígbà mìíràn, sà."

"Mo ti sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín. Télọ̀ yẹn kò mú ajá wá. N kò rí i."

"Àwọn abẹ́rẹ́ inú kúlà yín ńkọ́, sà? Wọ́n dára?"

"Ojúlówó."

"Ẹ gún ajá yín nínú rẹ̀?"

"Kí ló dé tí n ò ní gún un? Ẹ ò rí okùn lọ́rùn rẹ̀ ni?"

Albert dìde. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Mọ́ṣádé jáde lọ́jọ́ náà nìyẹn, tòun ti ẹ̀rín. Inspẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ kàn án láyà pẹ̀lẹ́, kò wo ojú rẹ̀.

"Nígbà tó ti gba tiyín, sà, kò sẹ́ni tó tún gún un níbòmíràn lẹ́yìn ìyẹn?"

"Kí ni wọ́n á tún gún un fún?"

"Ẹ ṣeun." Inspẹ́kítọ̀ kọjú sí fèrèsé. "Dókítà, ẹ máa bọ̀!"

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún. Ayọ̀tọ̀míwá gba ẹnu ọ̀nà wọlé tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó ya. Kò tíì sọ̀rọ̀, kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ajá tí olè lè gbé rù lọ gbóòórùn rẹ̀, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Ó hu lẹ́ẹ̀kan, ó ká ìrù mọ́ inú, ó tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ikùn wọ́ wọ abẹ́ àga Harold. Láti abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún bí ọmọdé.

"O ò tíì gbàgbé mi," ni Ayọ̀tọ̀míwá sọ fún ajá náà.

Inúmidùn ti fi ọwọ́ bo ẹnu. "Dókítà Odogbolu!" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ pé Èkó ni mo ti wá. Ẹ ní àwọn ènìyàn á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé dókítà ń gbé ajá rẹ̀ lọ fún dókítà. Ẹ ò sọ fún mi pé… Kí ló wà nínú àwọn páálí yẹn?"

Harold wá àga, ó jókòó.

"Gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀," ó ní. "Ẹgbẹ́ wa nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwa ọlọ́jọ́ orí kan náà, ló ra abẹ́rẹ́ yẹn fún ìlú. Wọ́n ti kéde rẹ̀ nínú rédíò, wọ́n ti pàgọ́ sí pápá, àwọn àgbà ìlú ti jókòó. Kí ni n óò dìde sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi? Pé ẹran Iléyá ló ba abẹ́rẹ́ jẹ́? Wọn ìbá fi mí kọrin títí n óò fi kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi parọ́ pé n kò rí ajá télọ̀. Mo rò pé ó ṣì lè ní agbára díẹ̀."

"Díẹ̀," ni Albert wí.

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé…"

"O mọ̀." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé àdúgbò náà, Albert kò sọ "o" sí i rí. "O mọ ọ̀nà Odogbolu nítorí ajá. Mọ́ṣádé gba iwájú ilé yìí kọjá tòun ti àkísà lọ́wọ́. Ó kí ọ. Ṣé o rí àkísà náà?"

Harold wo ilẹ̀. "Mo rí i."

"O bi í ohun tó ṣe é?"

"Mo bi wọ́n."

"Kí ló sọ?"

"Wọ́n ní… wọ́n ní ajá Quadri ni. Wọ́n ní kò séwu, ó ti gba abẹ́rẹ́."

"Kí ni ìwọ wá sọ?"

Ajá ń sunkún lábẹ́ àga.

"Mo bi ọ́ léèrè, Harold. Nígbà tí ìyàwó mi sọ fún ọ pé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́, kí lo sọ fún un?"

"Mo ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.'"

Albert sún mọ́ ọn ní ìgbésẹ̀ kan. Ọkùnrin yìí ti wá síbi ìsìnkú. Ó ti gbé pósí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti gbá Albert mọ́ra lójú sàréè, ó sì ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá lọ sọ pé òun kò rí ajá Quadri. Albert di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan há èkejì mọ́ bí ẹni di olè mú.

"Inspẹ́kítọ̀," ó ní, "ẹ mú un kúrò níwájú mi kí n tó di ọ̀daràn."

*

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti kún iwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnìkan ti gbọ́ pé wọ́n gbé Dókítà wá, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Bí Albert ti sọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n là fún un.

"Bàbá, ẹ fún wa láṣẹ!" ni ọ̀kan kígbe. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ télọ̀ yẹn fún wa!"

Albert dúró lórí àtẹ̀gùn. Kò jẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mọ́ṣádé ló máa ń bá a sọ ọ́.

"Quadri kò parọ́," ó ní.

Ẹni tó gbé táyà sọ ọ́ kalẹ̀.

"Mo ní kò parọ́. Ó mú ajá rẹ̀ lọ, wọ́n sì gún un. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ti kú kí wọ́n tó gún un, ẹni tó gbé e wá sì mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé táyà wá yìí, èwo nínú yín ni kò ní ajá tàbí ológbò tó ní okùn aláwọ̀ ewé lọ́rùn nílé? Ẹ lọ dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ lọ wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bù jẹ tàbí tí wọ́n ha lára, ọsibítù, lónìí. Ẹ má sọ pé ó ti gba abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀."

Kò dúró wo bí wọ́n ṣe ń tú ká. Ó gba ọ̀nà àtìmọ́lé lọ. Quadri ti dìde, ó di irin mú. Ohùn Albert ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ìta.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Mo tún sọ ọ́ lójú rẹ. O kò parọ́. Itan àgbò tí o fún wa, a jẹ ẹ́, a ò sì dúpẹ́ bó ṣe yẹ. Jáde wá."

Quadri jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì tútù náà. Albert kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde. Ó di apá rẹ̀ mú, ó fà á sókè, ó sì ń fà á lọ sínú ọkọ̀. Kò tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ọsibítù, níbi tí Micah jókòó sí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lórí itan, tí òwú funfun wà lápá ọmọ náà.

Nọ́ọ̀sì fa oògùn sínú sírínjì. Ó ní èyí kọ́ ni yóò gbà tán, yóò máa padà wá, kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀kan jẹ.

"Ẹ sọ ọjọ́ tó kàn fún èmi," ni Albert wí. "Èmi ni n óò máa mú un wá."

Nígbà tí abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, Quadri fà sẹ́yìn. Ẹni tó ti fojú winá táyà, tó ti fojú winá àtìmọ́lé, abẹ́rẹ́ lásán wá ń bà á lẹ́rù. Albert ká apá rẹ̀ mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ kejì há a léjìká, gbagbaagba.

"Bàbá," ni Quadri wí, ojú rẹ̀ dì pa, "ẹ dì mí mú bí ẹni di ajá mú."

Micah rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Albert kò rẹ́rìn-ín. Ó fún apá náà mọ́ra sí i, kò sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ jáde.